Mẹkáníìkì Tí Ń Tọ̀ Wá Wá Sílé

Nínú ọ̀rọ̀ wa ti òní, a ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀. Kì í ṣe bí a ti ń wa ọkọ̀ ni a ó sọ. Ohun tí a ó sọ ni bí a ti ń pe mẹkáníìkì wá sí ilé tàbí sí ibi iṣẹ́ wa kí ó wá tọ́jú ọkọ̀, àti ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ kí owó wa má baà ṣòfò.

Bóyá ẹnì kan nínú yín yóò wí pé, "Èmi kò ní ọkọ̀. Kí ni ó kàn mí níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè ní alùpùpù. Ẹni tí kò ní alùpùpù lè ní ẹ̀rọ tí ń lọ ata àti àgbàdo. Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fẹ́ òróró, gbogbo wọn ni wọ́n sì kórìíra eruku. Bí a bá sì kó iṣu wa sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, tí ọkọ̀ náà bàjẹ́ lọ́nà, iṣu tiwa ni yóò jẹrà.

OHUN TÍ OJÚ Ẹ̀GBỌ́N MI RÍ

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀. Ní Ladjifarani, ní Parakou, ni agbo ilé wa wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọkọ̀ Peugeot 504 kan tí a fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní bâchée. Iṣu ni ó fi ń kó láti ìhà N'Dali wá sí ọjà Arzèkè. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, inú ọkọ̀ yẹn ni ó ti ń wá.

Ní ọjọ́ kan, ó pe mẹkáníìkì kan wá sílé kí ó wá pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mẹkáníìkì náà. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó so àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó da òróró àtijọ́ jáde, ó rọ tuntun sí i, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò sí ẹni tí ó dúró tì í. Kò sí ẹni tí ó fi iná wo abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí ó ṣe tán. Kò sí ẹni tí ó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi gbéra. Kò tíì dé N'Dali tí iná pupa kan fi tàn níwájú rẹ̀. Iná náà ní àwòrán agolo òróró kékeré lára. Ó rò pé kò ṣe nǹkan kan, ó ń bá ọ̀nà lọ. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Nọ́ọ̀tì tí ó dí ojú ibi tí òróró ń gbà jáde kò fún dáadáa. Gbogbo òróró ti ro dànù sójú ọ̀nà. Irin ń họ irin, títí ẹ́ńjìnnì fi gan.

Ìjà dé. Mẹkáníìkì ní òun fún nọ́ọ̀tì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò fún un. Kò sí ìwé, kò sì sí ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbà ilé parí ìjà náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò lè jí ẹ́ńjìnnì dìde. Odindi ọdún kan ni ọkọ̀ náà fi wà lórí òkúta lábẹ́ igi máńgòrò. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà, ọmọbìnrin ni, kò padà sí ilé ìwé ní ọdún yẹn.

N kò sọ ìtàn yìí láti ba àwọn mẹkáníìkì lórúkọ jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ olóòótọ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ì bá gba ẹ̀gbọ́n mi láti wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni ì bá gba ọkọ̀ náà là.

ÌDÍ TÍ A FI Ń PE MẸKÁNÍÌKÌ WÁ SÍLÉ

Nígbà àtijọ́, bí ọkọ̀ bá ní àìsàn, àwa ni a ń gbé e lọ sí gáráàjì. Lónìí, fóònù ti dé. A ó pe mẹkáníìkì, yóò sì gun alùpùpù rẹ̀ wá bá wa. Ó ní èrè púpọ̀.

Èkíní, ọkọ̀ tí kò lè rìn kò ní kí a san owó fún ẹni tí yóò fà á. Èkejì, a lè máa bá iṣẹ́ wa lọ. Ìyá tí ń ta ọjà kò ní pa ìsọ̀ rẹ̀ dé. Olùkọ́ kò ní fi kíláàsì sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ojú wa ni ó fi ń ṣe é. A rí ohun tí ó tú, a sì rí ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀.

Títún ọkọ̀ ṣe níta gáráàjì kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọjọ́ orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1886, Carl Benz gba ìwé àṣẹ ìjọba fún ọkọ̀ tí ó ṣe. Àwọn ènìyàn kò gbà pé ọkọ̀ náà lè rin ìrìn àjò gígùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ìyàwó rẹ̀, Bertha Benz, gbé ọkọ̀ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì. Ó wà á láti Mannheim dé Pforzheim, ó lé ní 100 kìlómítà. Kò tíì sí ilé epo nígbà náà, nítorí náà ó ra epo ní ilé oògùn kan ní Wiesloch. Nígbà tí ojú ọ̀nà epo dí, ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ gún un, ó sì là. Nígbà tí bíréèkì jẹ, ó ní kí ẹni tí ń ṣe bàtà kan awọ mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kàn. Ìyàwó ilé tí ó bá la ojú rẹ̀ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ rere ni a ṣe fún òun.

IṢẸ́ TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ, ÀTI ÈYÍ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE NÍLÉ

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni a ń wò lórí ẹní. Òmíràn wà tí ilé ìwòsàn nìkan ni ó lè wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ rí.

Àwọn iṣẹ́ tí mẹkáníìkì lè ṣe nílé nìwọ̀nyí:

1. Ìpààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì àti asẹ́ òróró. Òróró ni ó ń jẹ́ kí irin yọ̀ lára irin. Bí ó bá pẹ́, ó ń dúdú, ó ń dọ̀tí, agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ń lo òróró lásán ń fẹ́ ìpààrọ̀ ní nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Iye tí ó tọ́ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé tí ó bá ọkọ̀ náà wá.

2. Ìfọ̀mọ́ tàbí ìpààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo ojú ọ̀run Parakou, asẹ́ yìí tètè ń dí. Ọkọ̀ tí asẹ́ rẹ̀ dí ń mu epo púpọ̀, kò sì ní lè sáré.

3. Ìpààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, bẹ́líìtì àti bátìrì.

4. Wíwo omi rèdíétọ̀ àti rọ́bà tí omi ń gbà kọjá.

5. Ìpààrọ̀ páàdì bíréèkì, bí ilẹ̀ bá le, tí ó sì tẹ́jú.

Àwọn iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọkọ̀ lọ sí gáráàjì fún nìwọ̀nyí: títú inú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, títún gíà ṣe, títo ẹsẹ̀ táyà kí ọkọ̀ má baà máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti jíjó irin pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó irin lẹ́bàá táńkì epo nínú agbo ilé yín láéláé.

KÍ MẸKÁNÍÌKÌ TÓ DÉ

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún rí. Bí ó bá kọ́ṣẹ́ jáde, yóò lè sọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń ṣe ìdánwò ìjọba, wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí tí a ń pè ní CQM tàbí CQP. Ó dára kí a béèrè. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń fi oníṣẹ́ hàn.

Ẹ sọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe fún un, ẹ má ṣe sọ àìsàn tí ẹ rò pé ó ní. Ẹ sọ pé, "Ó ń dún láàárọ̀ tí mo bá ṣí i," tàbí "Ó ń gbọ̀n tí mo bá tẹ bíréèkì." Ẹ jẹ́ kí òun wá wádìí ìdí rẹ̀.

Ẹ fi ẹnu kò lórí owó kí ó tó fọwọ́ kan sípánà. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó pín sí: owó ọjà, owó iṣẹ́ ọwọ́, àti owó ìrìn. Ẹ bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí àìsàn mìíràn lẹ́nu iṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ sọ fún yín. Kí ó má ṣe tún un ṣe kí ó tó sọ iye rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ Ń ṢIṢẸ́

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ le, tí ó tẹ́jú, tí ó sì ní ìmọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn nǹkan márùn-ún yìí:

1. Jáàkì. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídi ọkọ̀ mú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí ó fi ìdúró irin tí ó lágbára sábẹ́ rẹ̀. Kí ó sì fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn.

2. Omi gbígbóná. Ẹ má ṣe ṣí rèdíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi náà yóò tú jáde, yóò sì bó ènìyàn lójú. Ẹ jẹ́ kí ó tutù ná.

3. Bátìrì. Omi inú rẹ̀ ń jó ara, ó sì ń fọ́ ojú. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá lẹ́bàá rẹ̀.

4. Èéfín. Nínú èéfín ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń pa ènìyàn bí ìgbà tí oorun gbé e lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí a tì pa.

5. Epo bẹntiróòlù. Ọ̀pọ̀ wa mọ kpayo, epo tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Ó ju 30 ènìyàn lọ tí ó kú. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá ń ṣiṣẹ́, kí kẹ̀kẹ́ epo, ìgò epo àti iná ìdáná jìnnà síbẹ̀.

KÍ MẸKÁNÍÌKÌ TÓ LỌ

Ibí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti kùnà. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ ní kí ó fi àwọn ẹ̀yà àtijọ́ tí ó yọ hàn yín. Bí ó bá wí pé òun fi púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin sí i, púlọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹ rí nílẹ̀. Kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ òtítọ́ kò ní bínú sí i.

Ẹ ní kí ó ṣí ẹ́ńjìnnì. Iná pupa tí ó ní àwòrán agolo òróró gbọ́dọ̀ kú láìpẹ́. Bí ó bá tún tàn nígbà tí ẹ ń lọ lọ́nà, ẹ má ṣe dúró dé ìlú tí ó kàn. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn òróró yọ. Ẹ nù ún, ẹ tì í padà wọlé, ẹ tún fà á yọ. Àmì méjì ni ó wà lára rẹ̀. Àárín àmì méjèèjì ni ó yẹ kí òróró wà. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀, kò tó. Bí ó bá ga ju àmì òkè lọ, ó pọ̀ jù. Ìkan kò sàn ju ìkejì lọ.

Ẹ wá tẹ́ páálí kan sábẹ́ ọkọ̀ di òwúrọ̀. Bí ẹ bá rí òróró lórí páálí náà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ pe mẹkáníìkì padà. Páálí tí a tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ kò ná wa ní sẹfà kan, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ́ńjìnnì là.

Bí ó bá jẹ́ bíréèkì ni ó ṣe, ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì náà léraléra nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ẹ wá rìn jẹ́jẹ́ nínú àdúgbò, kí ẹ sì dán an wò, kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Kútọnu tàbí Malanville.

ÌWÉ ỌKỌ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ibí yìí ni iṣẹ́ yín ti dé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi sínú ọkọ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mẹkáníìkì bá wá, ẹ kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́: 12, oṣù kẹta
Kìlómítà ọkọ̀: 84,200
Iṣẹ́: ìpààrọ̀ òróró àti asẹ́ òróró
Ìpààrọ̀ mìíràn: 84,200 + 5,000 = 89,200
Orúkọ àti ìfọwọ́sí mẹkáníìkì: ...

Ẹ kọ owó náà pẹ̀lú. Àwọn iye tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, fún ẹ̀kọ́ ìṣirò lásán ni. Ẹ béèrè iye tòótọ́ lọ́jà.

Òróró lítà 4, lítà kan ní 3,000 sẹfà: 12,000
Asẹ́ òróró: 3,500
Iṣẹ́ ọwọ́: 5,000
Owó ìrìn: 1,000
Àpapọ̀: 21,500 sẹfà

Ìwé yìí ní agbára. Bí ìjà bá dé, ẹlẹ́rìí ni. Bí a bá fẹ́ ta ọkọ̀, ẹni tí yóò rà á yóò rí i pé a tọ́jú rẹ̀. Bí awakọ̀ mìíràn bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, yóò mọ ìgbà tí òróró yóò pé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: ìwé yìí kò rọ́pò àyẹ̀wò tí ìjọba ń béèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní visite technique.

ÒRÓRÓ ÀTIJỌ́ Ń KỌ́?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì da òróró àtijọ́ sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà. Òróró náà ti gba ẹ̀gbin irin sínú. Bí òjò bá rọ̀, ó lè ṣàn lọ sínú kànga, omi kànga náà ni àwọn ọmọ wa yóò sì mu. Kí ó rọ ọ́ sínú kẹ̀kẹ́, kí ó dé e, kí ó sì gbé e lọ sí gáráàjì níbi tí a ti ń kó o jọ. Kẹ̀kẹ́ tí a bá ti fi gba òróró yìí, a kò gbọdọ̀ fi rọ omi tàbí epo pupa mọ́ láé.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ mìíràn lónìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ọdún àdánù yẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí kíláàsì wa ní alaalẹ́, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ọmọ náà ti padà sí ilé ìwé. Bàbá rẹ̀ sì ń kọ ìwé ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó pè nígbà náà lọ́hùn-ún náà ni ó tún ń pè. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́ padà. Bí iṣẹ́ bá ti parí, àwọn méjèèjì a jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n a fi iná wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n a sì jọ fọwọ́ sí ìwé. Àwọn àgbà ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, òótọ́ kò ní ṣìnà. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí a kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó dé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó ba ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n òǹkọ̀wé jẹ́? Kí ni ì bá ti ṣe?
2. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta tí a lè ṣe nílé, àti méjì tí ó yẹ kí ọkọ̀ lọ sí gáráàjì fún.
3. Kí ni a ń fi páálí ṣe lábẹ́ ọkọ̀?
4. Bí kìlómítà alùpùpù yín bá jẹ́ 12,600, tí ìwé rẹ̀ sì ní kí ẹ pààrọ̀ òróró lẹ́yìn 2,000 kìlómítà, iye wo ni ẹ ó kọ sílẹ̀ fún ìpààrọ̀ mìíràn?
5. Níbo ni wọ́n ń da òróró àtijọ́ sí ní abúlé yín? Ṣé kànga wà nítòsí ibẹ̀?

Ẹ jọ ka ọ̀rọ̀ yìí ní ẹgbẹ́ yín. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà dáadáa, kí ó kà á fún àwọn aládùúgbò tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ó dìgbà kan ná. Ọ̀nà yóò la fún gbogbo wa o.